Bí Ẹ Ṣe Lè Kọ Ìtàn Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ Tó Ń Lépa Apànìyàn Léraléra ní Ògbómọ̀ṣọ́

Kí ẹ tó ronú kan apànìyàn rárá, ẹ kọ orúkọ àwọn tó máa kú sílẹ̀. Púpọ̀ nínú irú ìtàn yìí tí mo ń kà ló ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ apànìyàn: ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń gbé ahéré kan nínú igbó, ó ń dá rẹ́rìn-ín lóru. Ẹ wá bi òǹkọ̀wé léèrè pé kí ni obìnrin tí wọ́n pa ní orí kìíní ń tà, ta ló jẹ ẹ́ lówó, ọmọ rẹ̀ wo ló ń ṣàárò jù, kò mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í rí apànìyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òkú ló ń bá pàdé, yàrá òkú ló ń wọ̀, ẹbí òkú ló ń bá jókòó. Bí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ́ kò bá mọ ẹni tó kú, kí ni ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ yín fẹ́ máa wá kiri?

Ìtàn kan tí mo hùmọ̀ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ jálẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo gbé e sí. Ẹni tó bá mọ Ọ̀yọ́ Aláàfin jù lè gbé tirẹ̀ sí àgbègbè ọjà Akẹ́sán, iṣẹ́ náà kò yàtọ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ wá ikú tí ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ìdí rẹ̀

Ní 2005, FBI, àjọ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, pe àwọn onímọ̀ jọ lórí ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì fẹnu kò pé ẹni tó bá pa ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni apànìyàn léraléra. Ẹ di "ìgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀" yẹn mú. Àlàfo tó wà láàárín ikú kan sí èkejì ni ìtàn yín yóò máa gbé. Nínú àlàfo yẹn ni wọ́n ti sin òkú tán, tí wọ́n ti ká àga ìnáwó, tí oníkálukú ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló máa wá so ikú tí ẹnikẹ́ni kò so pọ̀ mọ́ ara wọn.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò so wọ́n pọ̀? Bí ẹ bá wo ìtàn tó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, irú ẹni tí àwọn òkú náà jẹ́ ló sábà máa ń fa á. Ní Port Harcourt ní 2019, àwọn obìnrin ni wọ́n ń bá lókùú nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Nígbà tí ìròyìn náà tàn, àwọn kan ń bi àwọn òkú léèrè pé kí ni wọ́n lọ ṣe lótẹ́ẹ̀lì, dípò kí wọ́n béèrè ẹni tó jáde nínú yàrá. Ọwọ́ tẹ Gracious David-West ní September ọdún náà, ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Rivers sì dájọ́ ikú fún un ní October 2020.

Èyí tó wúlò jù fún wa ni ti Harold Shipman, dókítà kan ní ìlú Hyde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní January 2000 ni wọ́n dá a lẹ́bi ikú aláìsàn 15. Ìgbìmọ̀ ìwádìí tó tẹ̀ lé e sọ pé àwọn tó pa tó nǹkan bí 215. Àgbàlagbà obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn. Dókítà mìíràn ládùúgbò kan náà ti kíyè sí i ní 1998 pé òkú àwọn aláìsàn rẹ̀ ti ń pọ̀ jù, ó sọ̀rọ̀ síta, ọlọ́pàá yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan. Ìwé ìpínogún ọ̀kan nínú àwọn tó pa, tí òun fúnra rẹ̀ yí, ló tú u fó, torí pé ọmọ olóògbé náà jẹ́ lọ́yà, ó sì mọ̀ pé ìwé yẹn kò jọ ti ìyá òun.

Ẹ gbé e wá sílé báyìí. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ kì í jókòó sójú kan. Jọ́ọ̀sì, Kánò, Támálè, Kùmásì, kò síbi tí wọn kò dé. Nígbà tí ìjọba Gáná lé àwọn àjèjì ní ìparí 1969, ọ̀pọ̀ wọn padà sílé, àwọn mìíràn sì tún kọrí síbòmíràn. Àwọn ilé tí irú owó bẹ́ẹ̀ kọ́ ṣì wà nílẹ̀, ìyá arúgbó kan ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn, òun àti ọmọdé tó ń ràn án lọ́wọ́. Àwọn ọmọ wà l'Ékòó, ní Abuja, ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá náà pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó sùn, kò jí. Kí la máa ń sọ? A ní ó re'lé, a ní ó jẹun ọmọ, a ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí tiwa náà pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. A dá aṣọ ẹbí, a pe olórin. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ohun tó pa ìyá arúgbó. Abẹ́ ayọ̀ yẹn ni apànìyàn wa fara pamọ́ sí.

Ìyá mẹ́ta ló kú nínú ìtàn mi. Ìyá Gáná ní Ìjẹ̀rú, tó ń wọn gàrí tà lójúde. Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́ ní ẹ̀bá Sábó, Mùsùlùmí paraku, tí kì í jẹ́ kí aago márùn-ún ìdájí bá òun lórí ibùsùn. Màmá Tíṣà ní Òkè-Ẹlẹ́rìn, Onítẹ̀bọmi, tó fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí kì í sì í ná náírà kan láìkọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ kọ ojú-ìwé kan gbáko lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tiyín kí ẹ tó kọ ìlà kan nínú ìtàn. Ẹ kọ ohun tí wọ́n ń bínú sí, ohun tí wọ́n ń fi pamọ́ sábẹ́ ibùsùn, àti èyí tó ṣe pàtàkì jù: àwọn tí wọ́n lè jẹ́ kó wọ yàrá láìjẹ́ pé wọ́n dìde. Orúkọ apànìyàn yín wà nínú àwọn yẹn.

Ìgbésẹ̀ kejì: Apànìyàn tí gbogbo ilé ń ṣílẹ̀kùn fún

Mo mọ ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí ọ̀pọ̀ yín lọ́kàn: oògùn owó. Ìbẹ̀rù yẹn nídìí. Òkú àti egungun ènìyàn tí wọ́n rí nínú igbó Sóká n'Ìbàdàn ní March 2014 kò tíì kúrò lọ́kàn àwọn ará ìpínlẹ̀ yìí. Ṣùgbọ́n bí apànìyàn yín bá ti jẹ́ olóògùn owó, ẹ ti dáhùn ìbéèrè "kí ló dé?" kí ẹnikẹ́ni tó bi í, ìyókù ìtàn di eré sísá. Ẹ fi oògùn owó sẹ́nu àwọn ará àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa sọ ọ́ nídìí ọkọ̀ ní Tákíé, kí wọ́n máa fi dẹ́rù ba ọmọ, kí apànìyàn gan-an sì máa bá wọn sọ ọ́.

Alájọ ni mo fi ṣe apànìyàn mi. Ẹ rò ó wò. Ojoojúmọ́ ló ń yà nílé kan náà, ní wákàtí kan náà. Ó mọ ẹni tó lówó lọ́wọ́ àti ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tíì pè láti ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo ènìyàn mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí: káàdì wà lọ́wọ́ oníbàárà, ó ní ojú 31, ìwé ńlá wà lọ́wọ́ alájọ, lójúmọ́ ni wọ́n ń fa ilà sí méjèèjì, owó ọjọ́ kan nínú oṣù sì ni owó iṣẹ́ rẹ̀. Owó tó jọ yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí oníbàárà yóò fi ní òun fẹ́ kó o. Àwọn ìyá arúgbó kì í tètè kó o. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ de ìsìnkú ara wọn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kó ti inú ìyá rẹ̀ wá ní apànìyàn. Ìyá Gáná, òkú àkọ́kọ́ nínú ìtàn mi, kú fúnra rẹ̀. Alájọ wọlé láàárọ̀, ó bá a bẹ́ẹ̀, òun ló ké sí aládùúgbò. Wọ́n sin ìyá náà, àwọn ọmọ dé, wọ́n ṣe ìnáwó, wọ́n padà, ẹnikẹ́ni kò dárúkọ àjọ. Káàdì wà lábẹ́ irọ́rí, wọ́n ti kó irọ́rí sọnù. Alájọ dúró kí wọ́n béèrè. Oṣù kan, oṣù méjì. Nígbà náà ni gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Orí yẹn ni kí ẹ lo àkókò lé lórí jù nínú gbogbo ohun tó kan apànìyàn. Ẹ jẹ́ kí òǹkàwé rí ọkùnrin tó yẹ kó sọ̀rọ̀, tó sì dákẹ́, títí ìdákẹ́jẹ́ náà fi di èrè. Lẹ́yìn ìyẹn, ikú Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́ kò ní ya òǹkàwé lẹ́nu, yóò bà á lẹ́rù.

Ẹ kọ ìwà rere rẹ̀ náà. Ó ń dọ̀bálẹ̀ kí àwọn ìyá wọ̀nyí. Ó ń bá wọn ra búrẹ́dì bọ̀. Ó ra aṣọ ẹbí níbi ìnáwó àwọn tó pa, ó sì sunkún níbẹ̀. Kò díbọ́n. Ó fẹ́ràn wọn, ó sì pa wọ́n. Bí ẹ kò bá lè gbé méjèèjì sínú ènìyàn kan, ẹ má tíì kọ orí náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó mọ ìkíni

Ìnsípẹ́kítọ̀ obìnrin ni mo fi ṣe é, mo sì pè é ní Àṣàkẹ́. Òun ni IPO ní teṣàn kan, ìyẹn ni pé òun ni wọ́n fa fáìlì lé lọ́wọ́. DCO, ọ̀gá tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ọ̀daràn ní teṣàn, wà lórí rẹ̀, DPO, ọ̀gá teṣàn pátápátá, sì wà lórí DCO. Ẹ mọ ìlà àṣẹ yìí dáadáa, torí ìdènà tó pọ̀ jù nínú ìtàn yín ibẹ̀ ni yóò ti wá. Ọ̀rọ̀ ìpànìyàn kì í sábà pẹ́ ní teṣàn kékeré. Wọ́n á gbé e lọ sí ẹ̀ka ìwádìí ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀ ní Ìyágankú, n'Ìbàdàn, nǹkan bí 100 kìlómítà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Nítorí náà, ohun méjì ni Àṣàkẹ́ ń bá jà: kò sẹ́ni tó gbà pé wọ́n pa ẹnikẹ́ni, bí wọ́n bá sì gbà, wọ́n á gba fáìlì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá sọ̀rọ̀ jù, ó pàdánù ẹjọ́. Bó bá dákẹ́, ìyá mìíràn lè kú. Ìyẹn tó láti gbé ìtàn dé ìparí láìsí ìbọn kankan.

Ìbéèrè ní agbo ilé Yorùbá kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó bá wọ ojúde tó kan ń béèrè pé "níbo lẹ wà lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun?", wọ́n á fún un ní àga, wọn ò ní fún un ní ọ̀rọ̀. Bí mo ṣe kọ tèmi nìyí. Ẹ̀yìnkùlé Màmá Tíṣà ni, ìyá aládùúgbò ń ṣa ẹ̀wà:

"Ẹ kú ọ̀rọ̀ èèyàn, mà. Ọlọ́run á jẹ́ kó jìnnà síra wọn."
"Àmín, ọmọ mi. Ta lò ń wá?"
"Ẹ̀yin gan-an ni, mà. Teṣàn ni mo ti wá, àmọ́ ẹ má fòyà. Ọmọ Ìkòyí ni mí."
"Ọmọ Ẹ̀ṣọ́! Dìde nílẹ̀, jókòó síbí. Kí ló kan ọlọ́pàá níbi òkú arúgbó?"
"Àwọn ọmọ wọn ló ní ká bá àwọn béèrè nǹkan díẹ̀, mà. Ta ló máa ń yà kí màmá láàárọ̀?"
"Ta ni ì bá yà? Àwọn ọmọ náà lò ń wò yẹn, Kérésì sí Kérésì. Ọmọ tó ń pọnmi. Alákàrà. Bọ̀dá Alájọ. Èmi náà, bí ẹsẹ̀ bá gbà fún mi."

Àṣàkẹ́ kúnlẹ̀ kó tó sọ ibi tó ti wá. Ó fi orírun ara rẹ̀ wọlé, torí ìyá náà kò ní bá aṣọ ọlọ́pàá sọ̀rọ̀, yóò bá ọmọ ẹnìkan sọ̀rọ̀. Ẹ sì wo ibi tí orúkọ apànìyàn wà: láàárín alákàrà àti ẹsẹ̀ tó ń dun ìyá arúgbó. Ó ti jáde lẹ́nu ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́, òǹkàwé sì ti fò ó. Irú ìfihàn bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa wá. Ẹ má ṣe fi apànìyàn pamọ́ títí di orí tó kẹ́yìn kí ẹ wá mú àlejò kan jáde látẹ̀yìn ilé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ohun tí òkú ń sọ, àti àwọn tó kọ́kọ́ gbọ́ ọ

Ẹ kọ́ ìwọ̀nba ìmọ̀ òkú tó wúlò. Ara òkú sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í gan láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin, láti àgbọ̀n àti ọrùn. Ní nǹkan bíi wákàtí méjìlá, gbogbo ara ti gan pátápátá. Lẹ́yìn ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan ààbọ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀. Ooru ń mú gbogbo rẹ̀ yá. Ẹ̀jẹ̀ náà máa ń ro sí ìhà tí òkú fi lélẹ̀, àwọ̀ ibẹ̀ á ṣú. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ sí méjìlá, bí wọ́n bá yí òkú náà padà, àmì yẹn kò ní kúrò lójú kan. Ní ti fífi ìgbóná ara mọ wákàtí ikú, ìyẹn tí àwọn dókítà inú fíìmù òyìnbó máa ń ṣe, ẹ rọra lò ó. Lọ́sàn-án March ní Ògbómọ̀ṣọ́, ooru inú yàrá lè sún mọ́ ti ara alààyè tó bẹ́ẹ̀ tí òkú kò fi ní tutù bó ṣe yẹ.

Ta ló máa rí gbogbo èyí? Wọ́n sin Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́ lọ́jọ́ tó kú gan-an, bí ẹ̀sìn rẹ̀ ṣe là á sílẹ̀. Dókítà kankan kò rí i. Ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tó wẹ òkú rẹ̀ rí i, wọ́n sì fọwọ́ kàn án. Àwọn ni ẹlẹ́rìí tó dára jù tí òǹkọ̀wé ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní nílẹ̀ wa, n kò sì mọ ìdí tí a kì í fi í lò wọ́n. Alájọ sọ fún gbogbo ènìyàn pé òun kí ìyá náà láago mẹ́jọ àárọ̀, pé ó dá òun lóhùn, ó tún rẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin náà dé láago mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú wọn sọ fún Àṣàkẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́, pé apá àti orúnkún ìyá náà ti gan tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn fi pẹ́ kí àwọn tó tẹ́ ẹ tọ́. Wákàtí méjì kò lè mú gbogbo ara gan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dá alájọ lóhùn láago mẹ́jọ ti kú láti òru. Ẹ má ṣàlàyé ìṣirò yìí fún òǹkàwé lójú ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí obìnrin náà sọ ọ́, kó tún máa bá ọ̀rọ̀ mìíràn lọ, kí Àṣàkẹ́ jí lóru lọ́jọ́ kẹta kó sì jókòó sórí ibùsùn.

Ti Màmá Tíṣà yàtọ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ láti 1855, irú ìyá bẹ́ẹ̀ a sì máa dúró ní mọ́ṣúárì títí àwọn ọmọ yóò fi dá ọjọ́ ìsìnkú. Òkú tó ṣì ṣeé yẹ̀ wò nìyí, ẹyọ kan ṣoṣo. Ẹ fi aago sí i: bí wọ́n bá ti fa fọ́málìnì, oògùn tí kì í jẹ́ kí òkú jẹrà, sí òkú, àyẹ̀wò oríṣi májèlé kan kò ní ṣeé gbára lé mọ́. Àwọn ọmọ ìyá náà kò fẹ́ kí wọ́n la ìyá àwọn, Àṣàkẹ́ sì nílò àyẹ̀wò. Ìjà yẹn tó orí méjì, ẹ má ṣe sá fún un. Kò sí ẹni búburú nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ìyá ló ń bá òtítọ́ ikú ìyá jà.

Nígbà tí dókítà onímọ̀ òkú bá sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kó ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá fi irọ́rí dí èémí arúgbó, àmì tó máa kù lè má ju ẹ̀jẹ̀ tó tó orí abẹ́rẹ́ nínú ìpéǹpéjú. Nígbà mìíràn kì í sí rárá, ohun mìíràn náà sì lè fà á. "Ó ṣeé ṣe" ni dókítà gidi yóò sọ. Ẹ má sì ṣe jẹ́ kí èsì DNA dé lọ́jọ́ kejì. Ibùdó DNA tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣí ní 2017 jóná nínú rògbòdìyàn October 2020. Ẹni tó bá fẹ́ DNA nínú ìtàn Nàìjíríà, kó fi sùúrù àti owó kún un.

Bí ẹ bá fẹ́ hú òkú Ìyá Ẹlẹ́kùrọ́ jáde, àṣẹ ilé-ẹjọ́ ni kí ẹ wá. Òǹkàwé yín kò ní ṣàìmọ̀ bó ṣe máa ń rí lára: wọ́n sin MohBad olórin ní September 13, 2023, wọ́n sì hú u jáde fún àyẹ̀wò ní ọjọ́ kọkànlélógún oṣù kan náà, ojú gbogbo ilẹ̀ yìí sì wà níbẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ ya ìlú náà

Ẹ ya á sórí pépà. Ilé àwọn òkú, teṣàn, mọ́ṣúárì, ọjà. Kí ẹ tún ya ọ̀nà tí alájọ ń gbà lójúmọ́, pẹ̀lú wákàtí tó ń dé ilé kọ̀ọ̀kan. Àṣàkẹ́ yóò ya tirẹ̀ nígbà tó bá yá, kò sì gbọdọ̀ ta ko tiyín. Ẹ mọ ibi tí kẹ̀kẹ́ kò lè wọ̀ tó jẹ́ ọ̀kadà nìkan, ẹ mọ àdúgbò tí akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH pọ̀ sí bíi Under G, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ ẹnikẹ́ni, kí ẹ fi wé agbo ilé tí wọ́n ti máa ń mọ àlejò láti ìró bàtà. Apànìyàn tó jẹ́ àjèjì lè ṣiṣẹ́ ní èyí àkọ́kọ́. Tiwa kò lè ṣiṣẹ́ síbòmíràn ju èkejì lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ọ̀nà tí kò jásí ibì kan

Láàárín 1975 sí 1980, Peter Sutcliffe pa obìnrin 13 ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ìgbà mẹ́sàn-án ni àwọn ọlọ́pàá bá a sọ̀rọ̀, tí wọ́n sì fi í sílẹ̀. Ní 1979 ẹnìkan fi téèpù ránṣẹ́ pé òun ni apànìyàn náà, ohùn rẹ̀ jẹ́ ohùn ará Sunderland. Irọ́ ni, ṣùgbọ́n ohùn yẹn ni wọ́n ń wá kiri, Sutcliffe tó jẹ́ ará Bradford sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀ ló mú un ní January 1981.

Ọ̀nà èké tó dára gbọ́dọ̀ ná ẹnìkan ní nǹkan. Nínú ìtàn mi, nígbà tí ikú pé mẹ́ta, ẹnìkan dárúkọ àjẹ́. Ìyá arúgbó kan wà ní Ìjẹ̀rú tí kò bímọ, tó ń dá sọ̀rọ̀. Kí Àṣàkẹ́ tó débẹ̀, wọ́n ti ń kó táyà jọ. Ó gbé ìyá náà kúrò, ṣùgbọ́n wọ́n ti sọ òkúta lù ú, ọjọ́ méjì ni Àṣàkẹ́ fi wà nídìí ibùsùn rẹ̀ nílé ìwòsàn dípò kó wà lẹ́nu ìwádìí. Alájọ wà nínú èrò yẹn, òun ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má pa á. Òǹkàwé tó ti fura sí i yóò fi í sílẹ̀ níbẹ̀.

Ọ̀nà èké méjì ti tó. Èkejì mi ni àna Màmá Tíṣà tó ń fẹ́ ta ilé, orí kan péré ni mo fún un.

Ìgbésẹ̀ keje: Ohun kékeré tó mú un

Dennis Rader pa ènìyàn mẹ́wàá ní Kansas láàárín 1974 sí 1991, ọwọ́ kò tẹ̀ ẹ́. Ní 2005 ó fi dísíkì kọ̀ǹpútà ránṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n, orúkọ ìjọ rẹ̀ àti "Dennis" sì wà nínú fáìlì tó rò pé òun ti pa rẹ́. Àkọsílẹ̀ ara rẹ̀ ló jẹ́rìí sí i.

Àkọsílẹ̀ náà ló mú alájọ. Màmá Tíṣà ń fa ilà sínú ìwé ti ara rẹ̀ yàtọ̀ sí káàdì, ilà tó kẹ́yìn sì jẹ́ ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó kú. Alájọ ti kó káàdì lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ló ń bá a ṣírò ìwé ńlá lálaalẹ́, alájọ kò sì fẹ́ kí ìyàwó mọ̀ pé owó Màmá Tíṣà ti dúró kí ìròyìn ikú ìyá náà tó dé etí ìyàwó. Nítorí náà ó ń fa ilà lọ. Òkú ń dá àjọ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko nínú ìwé rẹ̀. Ẹ ti gbọ́dọ̀ fi ìwé Màmá Tíṣà han òǹkàwé láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣí tó sì ń sunkún lé lórí. Kí ẹ fi ìwé alájọ hàn lọ́tọ̀, níbi tí ìyàwó rẹ̀ ti ń ṣírò. Kí ó tó àádọ́ta ojú-ìwé láàárín méjèèjì.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Mímú un, lábẹ́ òfin

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìtàn wa ti ń bàjẹ́. Wọ́n á na afurasí, á jẹ́wọ́, ìtàn á parí. Òfin Ẹ̀rí ti 2011, abala 29, sọ pé bí wọ́n bá fi ìyà tàbí ìhàlẹ̀ gba ìjẹ́wọ́, ilé-ẹjọ́ kò gbọdọ̀ gbà á wọlé. Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìjọba àpapọ̀ ní 2015 náà sọ̀rọ̀ nípa kíká ìjẹ́wọ́ sórí fídíò àti wíwà lọ́yà níbẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi sájẹ́ǹtì kan sínú ìtàn tó gbá alájọ létí, kí Àṣàkẹ́ sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ohun tí ọkùnrin náà fẹ́ sọ ti bàjẹ́.

Ẹ lo wákàtí pẹ̀lú. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, abala 35, ní kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n mú dé ilé-ẹjọ́ láàárín ọjọ́ kan bí ilé-ẹjọ́ bá wà láàárín 40 kìlómítà, ilé-ẹjọ́ sì wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n abala náà yọ ẹ̀sùn tó lè la ikú lọ sẹ́yìn. Owó àjọ tó jí nìkan ni Àṣàkẹ́ lè fi mú alájọ ní báyìí. Nítorí náà aago ń lù: kó tó di àárọ̀ ọ̀la, ó ní láti so ìwé méjèèjì, ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin tó wẹ òkú, àti èsì dókítà pọ̀, kí ẹ̀sùn olè tó di ẹ̀sùn ìpànìyàn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò wá àṣẹ májísíréètì láti fi í sí àhámọ́, tí fáìlì yóò sì lọ sí ọ́fíìsì DPP, olùdarí ìpẹ̀jọ́ ìjọba, fún ìmọ̀ràn. Ilé-ẹjọ́ gíga ló ń gbọ́ ẹjọ́ ìpànìyàn.

Mímú un kọ́ ni òpin. Nígbà tí wọ́n ń pa àwọn ènìyàn ní Akínyẹlé n'Ìbàdàn ní 2020, afurasí tí wọ́n mú sá kúrò ní àtìmọ́lé ní August, kí wọ́n tó tún rí i mú lóṣù kan náà. Ẹ ronú bí àwọn ẹbí òkú ṣe sùn láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn. Bí ẹ bá fẹ́ irú rẹ̀, ẹ jẹ́ kí òǹkàwé wà nínú ilé àwọn ẹbí, ẹ má ṣe bá ẹni tó sá lọ sáré.

Ìyókù

Ẹ má ṣe kọ ìpànìyàn náà ju ìdajì ojú-ìwé lọ. Mo dúró lórí èyí. Òǹkàwé tó mọ ohun tí Màmá Tíṣà ń kọ sínú ìwé rẹ̀ kò nílò kí ẹ fi irọ́rí náà hàn án.

Ẹ jẹ́ kí oníkálukú sọ̀rọ̀ bó ṣe yẹ kó sọ ọ́. Àṣàkẹ́ kò gbọdọ̀ sọ "ìwọ" fún Mọ́gàjí kódà bó bá fẹ́ fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́. Alájọ ń pe àwọn ìyá náà ní "ìyá mi", wọ́n ń pè é ní "ọmọ mi". Lọ́jọ́ tí yóò jẹ́wọ́, ẹ wo bó ṣe máa pè wọ́n; ọ̀rọ̀ kan yẹn yóò fún yín níṣẹ́ ju gbogbo orí náà lọ.

Bí ẹ bá parí, ẹ wá ẹni mẹ́ta tó máa gbọ́ ọ, kí ẹ kà á sókè fún wọn: ọlọ́pàá tó ti ṣe IPO rí, nọ́ọ̀sì tàbí ẹni tó ń wẹ òkú, àti ẹni tó ti sin ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Níbikíbi tí ẹnì kẹta bá ti ní "a kì í ṣe é bẹ́ẹ̀", ẹ kọ́kọ́ tún ibẹ̀ kọ, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti ọlọ́pàá.